Fíìmù ojú sánmà, ìwé, géèmù àti ará ilé mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò, torí mo mọ̀ pé àwa tí a fẹ́ràn ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì pọ̀ n'Ìbàdàn ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Dùgbẹ̀. Láti kékeré ni nǹkan wọ̀nyí ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Bàbá mi máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, ọjọ́ Ajé la ó dá a padà. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú Star Trek wálé láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún 1966 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà, ó ti di ohun àtijọ́ kó tó kàn mí. Àmọ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú kan jókòó sídìí iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú sánmà inú rẹ̀. Kò gbé omi fún ẹnikẹ́ni, kò gbálẹ̀, òun ló ń gbọ́ ohùn tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Uhura lorúkọ rẹ̀. Inú èdè Swahili ni wọ́n ti fa orúkọ yẹn yọ, òmìnira ló túmọ̀ sí. Mae Jemison, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ojú òfurufú, ní 1992, sọ pé Uhura yẹn wà lára àwọn tó ki òun láyà nígbà tóun wà lọ́mọdé. Bí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí mo fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí, ìdáhùn mi nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ràn o. Èyí tí wọ́n kàn ń yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kì í wò ó tán. Èyí tí èèyàn àti àjèjì bá jókòó, tí wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, tí wọ́n ń wá bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa yé ara wọn, ìyẹn ni mo lè wò mọ́jú.

Ìṣòro mi rèé. Lálẹ́, bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù dé, yàrá kékeré ni mò ń wọ̀ lọ. Mà á ki íapíìsì bọtí. Bóyá fíìmù ni o, bóyá géèmù ni, bóyá ìwé orí fóònù ni, ó di aago méjìlá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyàwó mi gbé àmàlà wá bá mi níbẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó dúró. N ò mọ̀ pé ó wọlé. Ìgbà tí mo máa fi yọ nǹkan létí, gbẹ̀gìrì ti dì lójú. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wà nílé, a ò sì rí yín.” Kò pariwo. Ó kàn jáde, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Táyé, ọkùnrin, kì í fẹ́ fi pádì géèmù sílẹ̀. Kẹ́hìndé, obìnrin, ẹ̀rù máa ń bà á. Ìgbà kan tó yọjú láti ẹ̀yìn mi wo fíìmù àjèjì ojú sánmà kan, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá mi náà ń bá wa gbé, wọ́n ní ẹbọra ni mò ń wò, pé kí n má kó o wọlé. Mi ò fẹ́ fi ohun tí mo fẹ́ràn sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó gbà mí lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, kí lẹ ṣe sí i?


Ìyá Àyọ̀, Sángo

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, àwọn ẹgbẹ́ ìbejì yín gan-an ni mò ń kọ́. Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ni mo fẹ́ fọwọ́ bà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé kò sóhun tó ń bani lẹ́rù níbẹ̀. Ó ti rí i. Ohun tó jọ pé ó bà á lẹ́rù jù ni pé òun nìkan ló rí i, lóru, lẹ́yìn yín, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó ń wò. Ẹ kọ́kọ́ dá wo nǹkan náà tán kẹ́ ẹ tó pè é sí i. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ wò ó, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ìró ọ̀nà máa wọlé. Ẹ fi rìmóòtù sọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ìgbàkígbà tó bá fẹ́ ló lè dá a dúró. Mo ti ṣe é ní kíláàsì mi. Ọmọ tó di rìmóòtù mú kì í sábà tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ni Iwájú, eré kátúùnù tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe, tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024. Apá mẹ́fà péré ni. Èkó ọjọ́ iwájú ló wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ ń fò, ọmọ olówó kan wà tó ń jẹ́ Tọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kọ́lé fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, alángbá kan sì wà tó jẹ́ ẹ̀rọ, òun ló ń ṣọ́ Tọlá. Alángbá yẹn ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn jù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín. Ọ̀rọ̀ ajínigbé wà nínú rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀. Ọmọ tó wà lókè òkun lè wò ó bí àlọ́. Ọmọ wa tó ń gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa ọ̀nà Èkó s'Ìbàdàn kò ní wò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí tèmi wò ó tán, ó bi mí bóyá àwa náà lè ra irú alángbá yẹn. N ò purọ́ fún un. Mo ní kò tíì sí. Mo wá kọ́ ọ ní nọ́ńbà fóònù mi àti ti bàbá rẹ̀ lórí, ó ń kà á káàkiri ilé títí kò fi ṣì í mọ́. Ẹ jókòó tì í, kì í ṣe ẹ tàn án fún un kẹ́ ẹ wá bá iṣẹ́ lọ.


Ọmọ Agbowó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni mí, ọ̀rọ̀ géèmù nìkan ni mo lè dá sí.

Bàbá Ìbejì, ẹ má fi wákàtí nìkan díwọ̀n rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ náà wà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbé e kúrò ní yàrá kékeré, ẹ gbé e sí pálọ̀, kẹ́ ẹ sì ra pádì kejì. Mo tún un wí, pádì kejì. Ọmọ tó ń dá ta géèmù, tẹ́ ẹ bá ní ó tó, ńṣe ló dà bíi pé ẹ gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó ń bá èèyàn ta á, bí ẹnì kejì bá dìde, òun náà á dìde.

Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ọjọ́ orí ẹni tó yẹ kó ta á ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé bí géèmù náà ṣe le tó ni, wọ́n á ra 18 fún ọmọ torí pé orí ọmọ pé.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó jẹ́ ti ojú sánmà, tí gbogbo yín lè jọ wò, ẹ gbìyànjú No Man's Sky. Lóòótọ́, nígbà tó jáde ní 2016 inú bí àwọn tó rà á, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti ń retí kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kò sá lọ, wọ́n ń fi nǹkan kún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún dé ọdún, ó sì ti di ohun mìíràn báyìí. Pílánẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù kan lọ́nà bílíọ̀nù kan, ìlọ́po 18. Kò sẹ́ni tó jókòó ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò ló ń dá wọn sílẹ̀ bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ lè sọ ọ́ lórúkọ. Àbúrò mi obìnrin ní pílánẹ́ẹ̀tì pupa kan tó sọ ní Bẹẹrẹ, bí àdúgbò Ìbàdàn yẹn, ó ní torí pé ibi gbogbo níbẹ̀ dà bíi òrùlé páànù tó ti dípẹtà. Ó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa tá a wà ní pálọ̀ dìde láti wo òrùlé àdúgbò wa láti ojú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ iná, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Táyé ta á láìsí UPS, àpótí bátìrì yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ èyí tó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bí iná bá lọ nígbà tí géèmù ń tọ́jú ibi tó dé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè pòórá. Mo ti sunkún rí nítorí ẹ̀.


Ọmọ Mọ́kọ́lá

Dátà ńkọ́? Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ máa fa géèmù tàbí fíìmù wọlé o, aago mẹ́rin sí márùn-ún, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Ẹ má ṣe é lórí fóònù ìyàwó.


Bàbá Àgbà, Òkè-Àdó

Ọmọ mi, Bàbá Ìbejì, mo ń sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ màmá rẹ ni mo fẹ́ kó o fetí sí.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. “Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà” ni wọ́n ń fi pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa ra tẹlifíṣàn, ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé lálẹ́ kí gbogbo àdúgbò lè wò ó. Ìyá mi àgbà bá wa lọ. Kí wọ́n tó wò ó, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n tún un wé dáadáa. Nígbà tá a bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ọkùnrin tó ń ka ìròyìn yẹn ń wo àwọn náà. A rẹ́rìn-ín. Mo ti dàgbà báyìí, ẹ̀rọ tó ń wo ẹni tó ń wò ó sì ti wà nínú àpò ọmọ-ọmọ mi. Má ṣe bá màmá rẹ jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀rọ rẹ.

Ohun tó o máa ṣe ni kó o mú ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tó jáde ní 1938, kó o jókòó síwájú wọn, kó o máa kà á sókè. Kà á débi tí wọ́n ti ń kó àwọn akọni jọ láti lọ sí Òkè Lángbòdó. Kákò ní agbára ìjà, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, ohùn orin ni ti Olóhùn-iyọ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a lọ nínú wọn. Wá wo inú ọkọ̀ ojú sánmà tìrẹ, kó o sọ fún mi bóyá kì í ṣe báyìí náà ni wọ́n ṣe pín iṣẹ́. Jẹ́ kí màmá rẹ gbọ́ ọ. Wọ́n á mọ ohun tó ò ń wò.


Olùtàwé, Dùgbẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun, mo tẹríba. Ìwé Fágúnwà wà lára ohun tí mò ń tà, mi ò lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, mi ò fẹ́ ká sọ fún àwọn ọmọ pé ohun kan náà ni wọ́n.

Nínú ìtàn Fágúnwà, bí ọdẹ bá pe ọfọ̀, ó jẹ́. A kì í bi í bó ṣe jẹ́. Nínú ìtàn onísáyẹ́ǹsì, òǹkọ̀wé ti so ara rẹ̀ mọ́ òfin kan: bí ẹ̀rọ báyìí bá wà, kí ló máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Mary Shelley ti ṣe é nínú ìwé rẹ̀, Frankenstein, ní 1818, kí iná mànàmáná tó wọ ilé ẹnikẹ́ni: bí èèyàn bá fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì dá ẹ̀dá kan, tó sì wá kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ta ló jẹ̀bi? Ọmọ tó bá ń ka irú ìwé yìí máa ń béèrè pé “ṣé ó lè ṣẹlẹ̀?” Ìbéèrè yẹn ni mi ò fẹ́ kí a gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ka méjèèjì fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìyàtọ̀.

Fún Kẹ́hìndé, ìwé ni mo máa fà lé e lọ́wọ́ ṣáájú fíìmù. Fíìmù kì í dúró de ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ìwé ń dúró. Zahrah the Windseeker ni kẹ́ ẹ wá, ti Nnedi Okorafor. Ó jáde ní 2005, ó sì gba ẹ̀bùn Wọlé Ṣóyínká fún ìwé ilẹ̀ Áfíríkà ní 2008. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní dàda ló wà nínú rẹ̀, ní ilẹ̀ kan tí kọ̀ǹpútà ti ń hù láti inú irúgbìn bí ewébẹ̀. Ojo ọmọ ni, ẹ̀rù ń bà á gan-an. Igbó tí gbogbo ìlú ti kọ̀ láti wọ̀ ló sì wọ̀, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kú lọ. Mo ti tà á fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ní dàda, tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín níléèwé. Ìyá náà padà wá sọ fún mi pé ọmọ ní kí wọ́n má gé irun òun mọ́.

Fún ẹ̀yin fúnra yín, Rosewater, ti Tade Thompson, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019. Naijíríà ọdún 2066 ni, nǹkan àjèjì kan ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn aláìsàn sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ fún ìwòsàn. Ẹni tó bá ti rí èrò níbi ìsọjí lójú ọ̀nà Èkó rí, yóò mọ èrò yẹn. Ìwé àgbà ni o, ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ Táyé ò dé.

Ẹ sì má ra ayédèrú. Mo ti rí èyí tí ojú ìwé fò láti 112 sí 129. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ bá ìyẹn pàdé lè rò pé bí ìwé ṣe máa ń rí nìyẹn.


Aránsọ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyàwó, torí mo wà ní ipò rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Kì í ṣe fíìmù ló ń dunni. Ẹ̀rín ni. Mo máa ń gbọ́ tí ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ orí fóònù. Bó bá jáde, mà á bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín, á ní, “Kò lè yé ẹ.” Bàbá Ìbejì, bí gbólóhùn yẹn bá ti jáde lẹ́nu yín rí, ẹ lọ bẹ̀bẹ̀.

Ohun tó yí tiwa padà ni pé iná lọ lóru ọjọ́ kan, bátìrì ìnfátà náà ti kú. Ó wà láàárín fíìmù. Kò rí nǹkan kan ṣe, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kẹ́dùn. Mo ní kó sọ ibi tó dé fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Mo ń bi í ní ìbéèrè: ọmọ ta ni yẹn, kí ló dé tí kò sọ fún ìyá rẹ̀, kí ni wọ́n ń jẹ nínú ọkọ̀? Àwọn ìbéèrè kan wà tí kò mọ ìdáhùn wọn, òun tó ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Àkùkọ kọ kí a tó sùn.

Èmi ò tíì fẹ́ràn ọkọ̀ òfurufú títí di òní. Aṣọ ni mò ń wò. Nígbà tí fíìmù Black Panther jáde ní 2018, mo ní kó dá a dúró ní ìgbà tí ò níye kí n lè wo aṣọ. Fìlà ayaba yẹn, ti àwọn ìyàwó ilé Zulu ni wọ́n wò ṣe é, kọ̀ǹpútà ló sì yà á kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ruth Carter tó ṣètò aṣọ náà gba Oscar ní 2019. Mo gé irú ọrùn aṣọ kan nínú rẹ̀ fún oníbàárà mi kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin ló tẹ̀lé e wá. Nítorí náà, ẹ wá ẹnu ọ̀nà tí ìyàwó yín fi máa wọlé. Kò pọn dandan kó jẹ́ ibi tí ẹ̀yin gbà wọlé.


Bàbá Ìbejì, Bódìjà

Ẹ̀yin ará mi, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní kí n wá jíṣẹ́.

Ẹ̀rọ ti wà ní pálọ̀. Pádì kejì ti dé, UPS tí mo ti kó sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ pípẹ́, mo tún un ṣe. Táyé bínú fún ọjọ́ méjì, ó ní gbogbo èèyàn ń wo òun. Ní ọjọ́ kẹta ó ń kọ́ màmá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Iwájú, a wò ó ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, a jókòó tì wọ́n. Kẹ́hìndé dá a dúró lẹ́ẹ̀kan péré, níbi tí àwọn ajínigbé ti yọ. Ó mu omi, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Wọ́n ti mọ nọ́ńbà mi lórí báyìí. Ìyá Àyọ̀, ẹ ṣé gan-an. Kẹ́hìndé wá ń ka ìwé ọmọ dàda yẹn. Nígbà tó débi tí ọmọ náà wọ igbó, ó pa á dé, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ní òwúrọ̀, kó tó fọ ẹnu, mo bá a nínú igbó náà.

Bàbá Àgbà, mo ka Fágúnwà fún Màmá. N ò tíì ka ojú ìwé méjì tí wọ́n fi dá mi dúró, wọ́n ní mò ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Àgbákò, wọ́n ní kí n gbé ìwé sílẹ̀, wọ́n wá sọ ìtàn ọdẹ kan ní abúlé bàbá wọn, ìtàn tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún tí wọ́n ti bí mi. Táyé fi fóònù gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bi mí bóyá àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tí mò ń wò yẹn ní ìyá nílé.

Aránsọ, mo ti sọ gbólóhùn yẹn rí. Mo lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi ò sọ púpọ̀. Àmọ́ lálẹ́ Ọjọ́rú, iná lọ, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ Star Trek fún un láti ìpìlẹ̀. Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ta ló ń dáná fún wọn?” Mo ní ẹ̀rọ kan wà lára ògiri, ohun téèyàn bá pè ló ń gbé jáde. Ó dákẹ́. Ó ní, “Tí oúnjẹ bá tutù, ta ló ń bá wọn gbé e wá?” N ò rí èsì kankan sọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Látọjọ́ yẹn, pálọ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ṣì ń dá wò tèmi, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òun ló sì dá ọjọ́ náà fún mi.

Olùtàwé, Màmá ti ń béèrè èyí tó kàn. Igbó Olódùmarè ni wọ́n ń fẹ́, ó kù díẹ̀ kí a ka ti àkọ́kọ́ tán. Bí ẹ bá ní èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ bá mi mú ọ̀kan sílẹ̀. Mà á yà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ń lọ jẹun.